Ilé Adìyẹ Tí Dáhùnsí Ní Ká Kọ́

Ibi Ilé Àwọn Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì,
Ọ̀nà Ọ̀rà,
Ìlá Ọ̀ràngún,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Oyèdọ̀tun, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà n'Íbàdàn? Ìyádùnní ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi náà wà bí àgbà ti í wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí.

O béèrè lórí fóònù bóyá ilé rẹ á ti parí kí o tó wálé fún ọdún. Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ògiri nìkan ló dúró.

Láti ìgbà tí mo ti kó kúrò nílé tí mo háyà, yàrá tí a ń kó sìmẹ́ńtì sí ni mò ń sùn. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn, àwọn ilé tí kò ní òrùlé ló yí mi ká, tí ihò fèrèsé wọn ń wò mí. Bí mo bá gba ọ̀nà Ọ̀rà, màá pàdé ará ẹgbẹ́ wa kan. Bí mo bá gba ọ̀nà ọjà, màá pàdé òmíràn. Wọ́n á kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn ò sì ní béèrè ilé wọn. Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ṣé o rántí ìpàdé wa nílé Dáhùnsí, kí Ọlọ́run tó gbà á? Òun ló ní ká fi àwòrán kan ṣoṣo kọ́ gbogbo ilé. Mo ní, "Dáhùnsí, ṣé ilé adìyẹ la fẹ́ kọ́ ni? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, òun náà fi ẹ̀rín gbé e mì. Kì í ṣe nítorí yín ni mo ṣe sọ ọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá máa sọ pé èmi Fádípẹ̀ ni mo ya gbogbo ìwọ̀nyí. Ni mo bá ya onírúurú àwòrán, kí kálukú yan tirẹ̀.

Pákó tí wọ́n gé láti fi da kọnkéré orí fèrèsé ilé kan ò bá ilé kejì mu. Wọ́n á tún gé òmíràn. Ẹni tó ń ṣe fèrèsé ò lè ṣe é sílẹ̀, àfi kí ògiri dúró, kó wá wọn ihò rẹ̀. Bí bíríkìlà bá kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, á tún máa wo àwòrán bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n tilẹ̀ fi ilẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ sí ilé Zipporah, opó Dáhùnsí, a sì wó o. Èmi ń pariwo pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn kan náà ló kọ́ ilé Ìbráhímù àti ti àbúrò rẹ̀, tí wọ́n yan àwòrán kan náà: bí àwọn bíríkìlà ti ń jáde ni àwọn tó ń rẹ́ ògiri ń wọlé, pákó ti èkíní ló ṣe èkejì. Wọ́n ti ń gbé ibẹ̀.

Zipporah wá lánàá. Onílé rẹ̀ fẹ́ gba yàrá fún ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó. Ó wo omi òjò tó dúró sí pálọ̀ rẹ̀.

"Bàbá Tẹ́júọlá, ẹ kú iṣẹ́ o. Lóòótọ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Gbogbo èyí tí ẹ là yìí, èwo ló dé ọjà nínú wọn?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

"Ilé adìyẹ tí ọkọ mi ní ká kọ́ yẹn, ǹ bá ti máa sùn nínú rẹ̀."

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ rèé. Òrùlé rẹ ló kàn, ti Zipporah ló tẹ̀ lé e. Bí tìrẹ bá ṣì ní gbogbo igun tí mo yà sí i, òjò ńlá á bá obìnrin náà níta. Jọ̀wọ́, jẹ́ ká yọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígun iwájú ilé rẹ, kí àwọn káfíńtà gé igi òrùlé ilé méjèèjì pọ̀. Mo mọ̀ pé o ti ń fọkàn jókòó síbẹ̀. Èmi ni mo fi hàn ọ́. Bí o bá kọ̀, o ò jẹ̀bi.

N ò lè máa bẹ̀ ọ́ kí tèmi wá dúró. Ògiri róbótó pálọ̀ mi, mo ti ní kí wọ́n wó o láàárọ̀ yìí. Ìró òòlù wọn ni mò ń gbọ́ bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Mi ò tíì lè jáde lọ wò ó.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Sọ fún Ìyádùnní pé ilé ìdáná rẹ̀ ò ní kéré sí i.

Inú yàrá sìmẹ́ńtì ni mo wà tí mò ń retí ohùn rẹ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Bólúwají Fádípẹ̀.