Adìẹ Inú Òfin Kamẹrúùnù

Àtàláátà, 8 Oṣù Kẹwàá 1996

Alimat ọmọ ọmọ mi gbé ìwé méjì lórí òfin Kamẹrúùnù wọlé láti láíbìrì, ọ̀kan Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan Faransé. Lọ́yà Kékeré mi. Kò tíì parí ẹ̀kọ́ òfin, ó ti ń fajú ro bí adájọ́. Ó ń bá lọ́yà kan ṣiṣẹ́ ní Landover, lẹ́bàá Washington níbí. Oníbàárà wọn, Madame Ngo, ará Kamẹrúùnù — ọkọ rẹ̀ kú ní Oxon Hill, àwọn àbúrò ọkọ ní kì í ṣe ìyàwó, kó jáde nílé. Wọ́n fẹ́ra wọn ní Douala lóòótọ́, wọn ò kọ ọ́ sí ìwé ìjọba ni. Jímọ̀ ni èsì lọ́yà rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kọ́ọ̀tù.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní èyí tí wọn ò kọ sílẹ̀ kì í ṣe ìgbéyàwó. Ọmọ fẹ́ sunkún. Mo ní ẹni tó kọ ìwé yẹn, ẹnu ta ló ti gbọ́? Ó ní Bàbá àgbà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Mo ní ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ṣebí ẹnìkan ló sọ fún un.

Àlàrùbá, 9

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ránṣọ ní Douala. Ẹnu oníbàárà ni mo ti kọ́ Faransé. Èmi àti Qúdrát — ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì wa la tó kọ ọ́ sí ìwé ìjọba, níwájú adájọ́, ẹlẹ́rìí méjì. Gàníyù ọ̀rẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn, wọ kóòtù tí mo rán fún oníbàárà. Kò bọ́ ọ títí di òní!

Ọ̀nà wà nìyẹn. Mo ní kí Alimat ṣí ìwé Faransé. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wà níbẹ̀: ẹni tí kò kọ ọ́ lásìkò lè mú ẹlẹ́rìí méjì lọ bá adájọ́. Ọmọ ń kọ ọ́ fìà-fìà. Ẹnu wá ń yún mi. Mo ní, "Ọkọ yóò sì pa adìẹ fún àwọn ẹlẹ́rìí." Ojú mi le koko.

Ó kọ ọ́!

Kí n tó rẹ́rìn-ín tán, ó ti wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítòsí ilé ẹ̀kọ́.

Àlàmísì, 10

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ̀rọ ló ń dáhùn. Adìẹ.

Jímọ̀, 11

Wàásù ò wọ̀ mí létí. Bí adájọ́ bá rí adìẹ nínú òfin, yóò da gbogbo rẹ̀ nù. Opó obìnrin á sùn síta, nítorí yẹ̀yẹ́ arúgbó. Qúdrát sọ ọ́ títí: ètè rẹ ni yóò mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ.

Ṣátidé, 12

Alimat dé. Mo jẹ́wọ́ kó tó bọ́ bàtà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa béèrè ẹni tó sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó tẹ̀lé àkọsílẹ̀ wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ìwé Faransé dé láíbìrì ńlá ní Washington. Wọ́n gbé òfin fúnra rẹ̀ fún un, Faransé lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì. Ẹlẹ́rìí méjì wà lápá méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló fò ó. Adìẹ ò sí níbì kankan. Ó ti fagi lé e kí ìwé tó dé kọ́ọ̀tù. Madame Ngo ti rí ẹlẹ́rìí kan, ó ń wá ìkejì.

Ó ní irọ́ yín ti pọ̀ jù, Bàbá àgbà. Mo ṣí àpótí, mo mú ìwé ìgbéyàwó tiwa jáde. Àtẹ̀ka Qúdrát. Òórùn káfúrà. Mo ní kò sí nínú òfin lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́. Lọ́jọ́ náà, àwọn ẹlẹ́rìí jẹ adìẹ. N kò kà á nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo dì í lẹ́sẹ̀. Qúdrát ló sè é, ó rọ ata sí i, Gàníyù ń sunkún nínú kóòtù oníbàárà.

Alimat fa bírò yọ. Ó ní kí n tún un sọ, díẹ̀díẹ̀.

Mo sọ ọ́. N kò fi nǹkan kan kún un.