Áàpù Tó Ń Pe Ìrun Kó Tó Wo Òòrùn

Sí Màrwà ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ara mi le, ara ìyá rẹ le, àgbàdo sì ti ń yọ ọmọ lóko. Kí Ọlọ́run fi ìṣọ́ rẹ̀ yí yàrá tí o gbà ní Sawaba ní Kumasi ká. Àmín.

Áàpù ìrun tí o ṣe sínú fóònù mi nígbà Iléyá ṣì wà níbẹ̀. Àwọ̀ ewé tí mo bẹ̀ ọ́ ni, lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí mo ṣe fẹ́, ó sì ń fi orúkọ kí mi láràárọ̀ pé Àfáà Ìsmáílà, ẹ kú òwúrọ̀. Mo ń dá a lóhùn, mo sì ń bèèrè ara ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fèsì. Ìwọ lo bí i, kọ́ ọ ní ìwà. Èyí tó wá ń bí mi nínú ni pé ìgbàkígbà tí mo bá ṣí i, Àsùbáà, ìrun ìdájí, ló ń pè. Lánàá, tuwo ọ̀sán wà lẹ́nu mi, ó ní kí n dìde wá kí Àsùbáà, ìyá rẹ sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Mo rí ìwé tí o fi rán dírẹ́bà tó ń ná Kumasi, èyí tí o kọ iṣẹ́ áàpù náà sí, àṣẹ tó ń tẹ̀lé ní ìlà-ìlà, kí n lè bá ọ gbàdúrà sí i. O ní bí kò bá tíì tọ́ ní Jímọ̀ tí o máa fi han ọ̀gá rẹ ní Santasi, o máa pa ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí ò ń kọ́ tì, wàá lọ jókòó ti àbúrò mi Làmídì níbi tó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Suame Magazine. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú, n kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bí a ṣe ń ṣe fún ohun tí kò bá wọ orí ọmọ ni mo ṣe. Mo da iṣẹ́ rẹ kọ sára wàláà, ìlà méjìlá, kí n lè fi omi fọ̀ ọ́ fún ọ mu. Ọwọ́ òsì lo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún bíi ti kéwú, mo fojú fò ó dá. Tíṣà Esi tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kẹrin ní kó pe ìrun. Ó di ìlà keje kó tó ní kó wo aago. Mo ní kí Tíṣà tún un kà, ó tún un kà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Màrwà, ládàánì wo ló ń pe ìrun kó tó yọjú wo òòrùn? Gbé ìlà keje ṣíwájú ìlà kẹrin. N kò tíì fọ wàláà náà, nítorí a kì í fún ọmọ ní àṣìṣe mu.

Mo ti ránṣẹ́ sí Làmídì pé kó má retí rẹ.

Tàdáà tí mo fi ń kọ wàláà tán sórí iṣẹ́ rẹ, nítorí náà fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Má ṣe fi gba orí fóònù mi, ojú rẹ̀ ti là, kí owó má baà jò dànù. Dírẹ́bà ni kí o fún.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lóye, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ máa bọ́ ọ. Bí áàpù náà bá pe Àsùbáà lásìkò ní Jímọ̀, màá dìde kírun. Bí kò bá pè é, màá ṣáà dìde, màá sì máa retí kó pè é ní Sátidé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àfáà Ìsmáílà