Ẹjọ́ K àti M Nínú Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Ọmọ mi, àbígbẹ̀yìn mi,

Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí o gbé báàgì kọ́ èjìká, tí o ní kí n má sìn ọ́ dé ibùdókọ̀, torí pé bí mo bá sunkún ìwọ náà á sunkún, ojú wíwú lo sì máa gbé wọ yàrá ìdánwò. Mo gbọ́, mi ò sìn ọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo dúró sí tí mò ń nu dígí tí kò dọ̀tí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ara ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá kan náà le? Ṣé ẹ̀ ń jẹun kó tó di pé ebi ń pa yín? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí gbogbo àìsùn tí o ṣe já sí asán. Kí ó fi ojú rere wo ìwé tí o kọ, kí ó sì fún ẹni tó ń máàkì rẹ̀ ní oorun tó tó kó tó jókòó tì í, nítorí ẹni tí oorun ń kùn kì í lawọ́. Àmín.

Ọ̀rẹ́ rẹ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù tirẹ̀. Ó ní o ò ní wálé àfi bí èsì ìdánwò àtiwọ iléèwé lọ́yà bá jáde, torí o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi ọ́ ní nǹkan kan lójú ọ̀nà. Ó ní o ní bí o bá fìdí rẹmi, o ò mọ ojú tí o máa fi wo àwòrán ìyá rẹ tó wà lára ògiri. Mo gbọ́ ìyẹn. Mo ní kó kí ọ.

Ilé wà bó ṣe wà. Mo ṣì ń gbá yàrá ìyá rẹ láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń dọ̀tí ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n kó àwọn aṣọ rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n máa wọ̀ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ nìkan ni mo tíì ṣe. Iṣẹ́ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Irun ò mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni, ó ń hù ṣáá, òun náà ni mo sì fi ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí o gbàgbé sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ, èyí tí o fi ń múra ìdánwò, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo ṣí i kí n lè mọ ohun tó sọ ọmọ mi di ẹni tó ń sùn lórí tábìlì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òfin ni màá bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ olè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó kú tí kò ṣètò ogún. Ìjà ni mo bá. Ìwé náà ní àwọn èèyàn márùn-ún fẹ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ó ní K kò gbọdọ̀ jókòó ti M. Ó ní J àti L gbọ́dọ̀ fara kanra. Ó ní S ní láti wà ní ìkángun. Ó wá béèrè pé ta ló lè wà láàárín. Ọmọ mi, mo yí ojú ìwé yẹn síwájú, mo yí i sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí M fi ṣe K.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjì ò lè jókòó pọ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè ohun tó fà á, ibi tí wọ́n máa gbé ìdí lé ni wọ́n ń wá fún wọn. Ṣé bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di lọ́yà nìyẹn? Wọn ò tilẹ̀ kọ orúkọ wọn tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìtìjú ni, pé ẹni tí wọ́n bá tẹ ìjà rẹ̀ sínú ìwé tí gbogbo ayé ń rà kò ní fẹ́ kí wọ́n mọ ilé òun.

Mo mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn oníbàárà mi ń jókòó lé, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìdí ló ń bára wọn rẹ́. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Kókó-Ọ̀rọ̀ torí pé kì í débẹ̀. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà náà wà níbẹ̀, torí kò sí táyà tó jò. Kókó-Ọ̀rọ̀ ní kí a fi òun ṣe alága. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ní K ló jàre, nítorí K ṣáájú M nínú ábídí, ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́, ó sì dájú pé M ti fojú di í. Fọkanáísà ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé A ló ni gbogbo ilẹ̀ tí àwa yòókù ń kọ́lé sí. Kókó-Ọ̀rọ̀ ní ẹni tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń tà jẹun kò yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀ òfin. Fọkanáísà ní afẹ́fẹ́ tòun ń gbé èèyàn débi tó ń lọ, kò dà bí èyí tó ń ti ẹnu àwọn kan jáde láti àárọ̀ tí kò tíì gbé ẹnikẹ́ni kúrò lójú kan. Oníbàárà tí mo ti gẹ irun apá kan orí rẹ̀ ní òun fi Ọlọ́run bẹ̀ wá, kí a jẹ́ kí òun dọ́gba ná, ká tó mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọlé wá gba kọ́kọ́rọ́, ó sì bá wa lórí ẹ̀. Ó ní ojú wa fọ́ ni. Ó ní ẹ wo L dáadáa. Kí ló dé tí J ò fi lè jókòó síbòmíràn? Ó ní obìnrin ni L, J ti há a mọ́ra, K àti M sì ti ń wò ó láti ọ̀ọ́kán, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kókó-Ọ̀rọ̀ ní alága ti ń bọ̀ lórí kókó yẹn tẹ́lẹ̀.

A dá ẹjọ́ náà nígbẹ̀yìn. A ní kí M bẹ K, kí K má gbé e sọ́kàn, kí J fún L láyè kó mí, kí S tí wọ́n lé sí ìkángun bí ẹni tó ṣẹ̀ wá sí àárín kó máa là wọ́n. Inú mi dùn títí mo fi wo ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n kọ ìdáhùn sí. Ó ní J tàbí L ni. Kò sí ìdáríjì kankan níbẹ̀. Kókó-Ọ̀rọ̀ ní ìwé òfin tó bá ti ní “tàbí” kò tíì dájọ́, ó sún ẹjọ́ síwájú ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣebí òun ti sọ fún wa pé J àti L náà ni.

Ẹ̀rù wá bà mí nítorí tìrẹ. Mo ronú pé bí wọ́n bá bi ọ́ ní irú ìbéèrè yìí, tí o sì là wọ́n níjà bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ, wọ́n á ní o ò gbà á. Mo sì rántí pé nọ́ńbà mi ni o fún àwọn onídàánwò nígbà tí wọ́n jí fóònù rẹ. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi lẹ́ẹ̀kan, pé àwọn gba ìwé rẹ, kí a máa retí èsì, kí a má sì fèsì sí ọ̀rọ̀ tí àwọn fi ránṣẹ́ yìí. Ta ló ń kọ́ èèyàn ní irú ìwà yìí? O kọ̀wé sí àgbàlagbà, o ní kó má dáhùn? Mo ní bóyá wọn ò fẹ́ da èèyàn láàmú ni. Mo fèsì. Mo kí wọn, mo béèrè àlàáfíà ìdílé wọn, mo sọ fún wọn pé àárín ọ̀fọ̀ ni ọmọ yìí ti kàwé, mo sì fi ìdájọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ K àti M ránṣẹ́, pé bí tìrẹ bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn ìwé, ilé ló ti kọ́ ọ. Fóònù ní ọ̀rọ̀ mi ò lọ. Mo tún fi ránṣẹ́, ó ní kò lọ. Ọmọbìnrin tó ń bá wa ṣájì fóònù ní kò sí èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ ni. Mo ní ẹ̀rọ wo ni wọ́n ń kí tó ń kọ̀ ọ́?

Èsì náà dé lánàá, nígbà tí mò ń gbọn irun kúrò lára aṣọ. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló yọ síta, ó ní èsì ìdánwò rẹ ti jáde. Ìyókù wà nínú, àmì àpò ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wà ní pípadé. Mo ṣe àṣìṣe, mo pariwo. Kókó-Ọ̀rọ̀ ní alága ló ń ṣí ìwé. Fọkanáísà ní òun ò ní ṣí i rárá, ẹ̀yìn ẹ̀ lásán lòun fẹ́ wò. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé e fún òun, pé ọwọ́ òun ló tutù jù. Mo ti fóònù bọ àpò, mo ní mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, oòrùn sì wà lókè gan-an.

Ìwọ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò ìyá rẹ jáde. Ojú fèrèsé kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọkùnrin náà ti kà á jáde, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà ń gbọ́. Ìyá rẹ dúró, ó rọra ń tún gèlè rẹ̀ wé, torí wọ́n ń wo ojú rẹ̀ láti mọ bó ṣe máa gbà á. Ó ní kí n jẹ́ ká máa lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ tìrẹ ṣáájú rẹ, èmi náà ò ní gbọ́ ọ.

Ọmọbìnrin oníṣájì ní o lè rí i níbi tí o wà bí o bá tẹ nọ́ńbà ìdánwò rẹ sórí kọ̀ǹpútà. Mo ní ẹ̀dà nìyẹn, ojúlówó wà lọ́wọ́ mi. Máa bọ̀ nílé wá ṣí i. Bí o bá yege, Ọlọ́run ṣeun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ wà níbi tó wà, ìyá rẹ tó wà nínú àwòrán yẹn ò sì ní gbójú kúrò lára rẹ. Èmi ni mo bá a gbé, mo mọ̀ ọ́n. Bí o bá fẹ́, alẹ́ ni kí o wọlé, kí ẹnikẹ́ni má rí ọ.

Bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ sí mi, torí ọmọbìnrin yẹn ti fowó lé owó ṣájì, ó ní fóònù tí kì í sinmi ń jẹ iná ju ti ọmọlúàbí lọ. Má gba ọ̀nà báǹkì. Wọ́n ní àkáǹtì mi ti sùn, torí n kì í lò ó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn, èmi náà ìbá sùn ká ní mo rí i ṣe. Bí kò bá sì sówó, má lọ yá a, owó ọkọ̀ tìrẹ ni kí o wá.

Kí Ọlọ́run tó mú ọ lọ mú ọ bọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ó sì jẹ́ ojú ẹni tó fẹ́ràn rẹ ni wàá kọ́kọ́ rí. Èmi bàbá rẹ ni mo kọ ọ́. Wọ́n ní bí fóònù bá kú, ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ní bá a kú, ṣùgbọ́n mi ò ní dán an wò. Láràárọ̀ àti lálaalẹ́ ni màá máa fi sórí iná, kò ní kú títí o fi máa dé.