Ìyá Lọ́lá, Wọ́n Fẹ́ Gba Orin Rẹ Lọ́wọ́ Wa

Ìyá Lọ́lá, ọdún mẹ́ta rèé tí o fi mí sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta! Adébímpé ọmọ Fálẹ́yẹ, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ ẹni nìyẹn?

A ti kan páànù sí ilé tí kò kọjá ojú fèrèsé nígbà tí o lọ. Àwa méjèèjì la jọ ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀, èmi nìkan ló wá ń sùn nínú rẹ̀. Sunday ọmọ wa ti gbaṣẹ́ ìjọba ní Adó. Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí o jó fún lọ́jọ́ tí rédíò kéde rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọmọ rẹ náà sì ń jẹun níbẹ̀. Lọ́lá ti kúrò lọ́dọ̀ àbúrò rẹ tó tọ́ ọ dàgbà ní Ìbàdàn, ó ti ń ṣe tíṣà nítòsí wa. Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn.

Àwọn àgbà àdúgbò fẹ́ gba orin ọdún iṣu lọ́wọ́ wa! Orin tí ìyá rẹ fi lé ọ lọ́wọ́, tí o máa ń dá níwájú gbogbo obìnrin àdúgbò kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu. Ọdún méjì ni wọ́n fi bá wa ṣọ̀fọ̀, tí ẹnì kankan ò dá a. Lọ́dún yìí wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí ọmọ rẹ wá dá a. Bí kò bá lè dá a, ó di ti ilé mìíràn.

Lọ́lá jáde nínú aṣọ ẹtù rẹ. Ò bá rí i! Ó la ẹnu, ohùn rẹ gan-an ló jáde, orí mi wú. Ó ní, "Iṣu wọ ilé o!"

Ilé kẹ̀! Àwọn obìnrin ò gbè é. Ṣebí orí ọ̀rọ̀ ulé, bí a ṣe ń pe ilé níbí, ni wọ́n ti ń gbè é: "Uṣu wọ ulé o," kí wọ́n tó dáhùn pé, "Ulé gbà á!" Ọmọ Ìbàdàn ò mọ̀. Ó tún un dá, ilé náà ló tún pè. Obìnrin ilé kejì ti ń tún gèlè wé, ó ti ń múra àtigbà á.

Èmi wà láàárín àwọn ọkùnrin lẹ́bàá ọ̀nà. O mọ̀ pé ọkùnrin kì í gbé orin yẹn. Mi ò gbé e rí, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ nídìí ààrò tó. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo kígbe, "Ulé!"

Wọ́n sì gbè é! Kí wọ́n tó mọ ẹni tó ké, gbogbo wọn ti dáhùn, "Ulé gbà á!" Lọ́lá gbá a mú látibẹ̀, ó dá a parí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ni ìjà bá dé. Àwọn àgbà ọkùnrin ní mo ti ba ọdún jẹ́, orin ò sí lọ́wọ́ wa mọ́. Ìyá Ọmọlará, ọ̀rẹ́ rẹ, dojú kọ wọ́n, ó ní àwọn obìnrin ti gbè é, iṣu ti wọlé, kí ni wọ́n tún ń wá? Wọn ò gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò jókòó lé e lórí.

Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo jẹun níbi ìkómọ rẹ̀! Mo ní ìyà tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n fi jẹ èmi, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gbàgbé rẹ̀, pé orin lásán ni. Lásán kẹ̀!

Ohun tí mi ò lè sọ fún wọn nìyí: fọ́tò rẹ tó wà lára ògiri kì í sọ̀rọ̀. Láti ọdún mẹ́ta, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo tún gbọ́ ohùn rẹ, lẹ́nu ọmọ rẹ. Bí wọ́n bá gbé orin náà lọ, wọ́n tún sin ọ́ nìyẹn, ojú mi ni yóò sì ṣe.

Adébímpé, àárò rẹ ń sọ mí. Mo fẹ́ràn rẹ títí di òní. Bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò tíì gbọ́ ohùn rẹ tó.

Ọkọ rẹ,
Ládépọ̀