Ẹja Tí Iná Kàn Kí

Sọ́ńdè, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025
Yakub ọkọ mi, Kúùkù àwọn ará Japan bí mo ṣe ń pè é, tún kọ ẹ̀kọ lónìí. Ó kọ ìrẹsì lánàá. Mo bi í pé kí ló wá ń fẹ́. Ó ní ẹja. Kì í ṣe ẹja tèmi o — tataki, ti ibi iṣẹ́ wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró nídìí iná ní ilé oúnjẹ àwọn ará Japan kan ní Norcross, lẹ́bàá Atlanta, kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tó dá a jókòó. Ẹja tí ẹ̀yìn rẹ̀ jóná, tí inú rẹ̀ pupa. "Ẹja tí iná kàn kí" lòun fúnra rẹ̀ ń pè é. Èmi ò fi kan ẹnu rí. Mo rán an létí pé dókítà ní ohun tí kò bá jinná dénú kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀, torí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún un ti sọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di aláìlágbára. Ó ní òun gbọ́. Ó kọjú sí ògiri.

Ìṣẹ́gun, 9
Mo ra ẹja tuna inú yìnyín, dọ́là méje àti díẹ̀. Mo dín in dénú, mo gé e pẹlẹbẹ bíi tiwọn, mo da soy sauce lé e. Mo rò pé màá fi tàn án. Ó jẹ ẹyọ kan. "Ìyá Samirah, bàtà lo sè fún mi yìí."
Bàtà dọ́là méje. Èmi ni màá jẹ ẹ́ lọ́la ní hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń tún yàrá ṣe, láàárín yàrá kan sí èkejì, pẹ̀lú gàrí.

Jímọ́ọ̀, 12
Ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ náà ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á dá a dúró. Nọ́ọ̀sì á máa wá bá wa nílé. Mo béèrè iye tó máa jẹ́. Wọ́n ní a ò ní san kọ́bọ̀.
Ohun tí wọ́n bá fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú yìí máa ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́bọ̀, 18
Nọ́ọ̀sì dé. Ọmọ Yorùbá ni, Rẹ̀mílẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ kí Kúùkù kó tó tú báàgì rẹ̀. Ní Atlanta.
Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í nípa ẹja pupa. Mo ti ń retí kó ní rárá. Ó ní, "Mummy, ohunkóhun tó bá wù wọ́n, ẹ fún wọn." Mo ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣebí dókítà kìlọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "A ti kọjá ìyẹn, Mummy."
Mo dúpẹ́, mo sìn ín dé ìdí mọ́tò rẹ̀. Mo wá wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí Kúùkù má bàa gbọ́ mi. Èmi tí mo máa ń pariwo mọ́ Samirah ọmọ wa nítorí omi. Mo jẹ́ kó máa dà.

Jímọ́ọ̀, 19
Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Korea. Ọ̀tọ̀ ni tuna tí wọ́n ń dín, ọ̀tọ̀ lèyí tí wọ́n lè jẹ ní tútù. Owó èkejì ju ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò kùn. Mo rà á.

Àbámẹ́ta, 20
Mo gbé àga rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá. Fi pépà nu ẹja kó gbẹ. Iyọ̀. Òróró díẹ̀. Jẹ́ kí páànù rú èéfín kí ẹja tó kàn án. Lẹ́yìn náà, ka Kulihuwallahu — súrà kékeré tí gbogbo wa kọ́ nílé kéú — lẹ́ẹ̀kan, yí ẹja padà. Ẹ̀ẹ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ kejì, kí o sọ ọ́ sínú omi yìnyín. Bó ṣe ń wọn àkókò nìyẹn níbi iṣẹ́, torí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù dé ìdí iná.
Mo ní kí Ààfáà má gbọ́ o. Ó ní, "Ṣebí Ọlọ́run ló ni iná, òun náà ló ni ẹja."
Mo gé e. Funfun látòkè délẹ̀, ó ti jinná jù.
Ó bi mí pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mo kà á. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ta ló ń kà á lẹ́ẹ̀kan? Láti kékeré, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹnu mi mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ìyá Samirah, ṣé àdúrà òkú lò ń ṣe fún ẹja ni?"
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ajé, 22
Mo tún dán an wò. Funfun. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ni — ẹnu mi ló ń sáré lọ. Èéfín mú kí agogo ìkìlọ̀ iná orí àjà ké, ará ilé kejì wá kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 24
Kò jẹ nǹkan kan. Omi ni mo fi ń pa ètè rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 27
Samirah wá láti Ellenwood. Ó ní kí ni wàhálà, òun á lọ ra tataki ní ilé oúnjẹ yẹn gan-an. Kúùkù mi orí. "Mo ti sè é fún àwọn ẹlòmíì tó. Ti ilé mi ni mo fẹ́ jẹ." Samirah ní kí n wá lo aago fóònù. Tí mo bá lo aago, kí ló kù nínú ohun tí Kúùkù kọ́ mi?
Nígbà tá a dé kíṣìnnì ó rọra ní, "Mummy, ẹ mọ̀ pé wọn ò ní lè jẹ ẹ́ mọ́."
Mo ní mo mọ̀. Mo ń nu páànù.

Ìṣẹ́gun, 30
Kò lè dìde. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ kó lè gbọ́ ariwo òróró. Mo gbé ẹja lé iná, mo bẹ̀rẹ̀ súrà náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kà á pẹ̀lú mi. Ohùn náà ò ju mímí lọ. Nígbà tó dákẹ́, mo dákẹ́. Mo yí ẹja padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbẹ́ kejì.
Mo gé e. Etí ẹja náà funfun, tín-ín-rín bí èékánná. Inú rẹ̀ pupa. Mo tò ó sórí àwo, mo rin ata ilẹ̀ sí i, mo wọ́n yànmọ̀tí lé e.
Ó wò ó títí. Mo fi ẹyọ kan sí i lẹ́nu. Kò lè gbé e mì. Ó gbé e sórí ahọ́n, ó pajú dé. Nígbà tó ṣe, mo fi tíṣù gbà á lẹ́nu rẹ̀.
Ó ní, "Ó ṣe rẹ́gí. Jẹ ìyókù."
Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo jẹ ẹ́. Ó tutù. Kò rùn. Ó rọ̀, ó dùn — ohun tó ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Mo jẹ ẹ́ tán. Ẹnu mi ló ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 2 Ọkitóbà
Yakub lọ lẹ́yìn Àsùbáà.

Jímọ́ọ̀, 3
A sin ín lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ààfáà ní kí oníkálukú ka Kulihuwallahu lẹ́ẹ̀mẹta fún un. Gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi dúró.
Samirah fi ìgbọ̀nwọ́ kàn mí. "Mummy, ó ku méjì."
Mo wolẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti yí padà lábẹ́ ìborùn, bí ìgbà téèyàn bá ń yí ẹja.