Iṣẹ́ Ilésanmí Tí Mo Fi Dáná

Ilé Akínbọ́lá,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìkẹ́nnẹ́ Rẹ́mọ.
19 Oṣù Kẹta, 1986.

Joanna, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ńkọ́? Ara èmi le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí tí mo di ìyàwó, inú mi sì ń dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín bí mo bá ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì Ilésanmí. Ayọ̀ yìí gan-an ló kó bá mi.

O mọ̀ pé ìdí kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì. Ó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò mọ àmì ohùn. Bí wọ́n bá tẹ “igba” sínú rẹ̀, kò mọ̀ bóyá igbá tí a fi ń bu omi ni tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Nítorí náà, láti èṣí ni Ilésanmí ti ń lọ sí abúlé Akaka, tó ń kọ gbólóhùn ẹnu àwọn àgbà sára ìwé pélébé. Yóò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dààmú ẹ̀rọ náà, yóò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Baba Fábíyìí, akọ̀pẹ kan níbẹ̀, ló sọ èyí tó pọ̀ jù.

Ní Sátidé tí mo ń gbá pálọ̀, ìwé náà kún orí ẹní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tó fàlà sí nìkan ló wúlò. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé ọ̀tún, mo gé òsì, mo to àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú agolo bisikíìtì. Àgékù rẹ̀ ni mo fi dáná omi ìwẹ̀ ìyá ọkọ mi.

Nígbà tí Ilésanmí dé, mo kúnlẹ̀ gbé agolo náà fún un. Ó ṣí i, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Kẹ́mi, àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni ẹ̀rọ máa fi dá a mọ̀. Bó bá rí ‘ọ̀pẹ’ nítòsí, á mọ̀ pé igbà ni. Kò ní ojú mìíràn.” Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀: “Ìyàwó wa mà mọ ilé gbá o. Ó gbálẹ̀ títí, ó gbá oúnjẹ ẹnu ọkọ mọ́ ọn.”

Ní Mọ́ńdè, a jọ wọkọ̀ lọ sí Akaka pé kí Baba Fábíyìí tún àwọn gbólóhùn náà sọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jáde sí wa. Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn tí wọ́n ti sin Baba. Ilésanmí ṣí fìlà, a sì padà sílé. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Joanna, agbè gan-an ló fọ́ yìí.

Òpin oṣù yìí ni ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Afọláyan, fẹ́ rí ẹgbẹ̀rún gbólóhùn. Ọgọ́rin péré ni n kò tíì gé. Bí kò bá pé, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi sídìí ẹ̀rọ náà.

Jọ̀wọ́, gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí ọ láti ìgbà tí a ti jáde ní ilé ìwé, kó wọn fún Láídé, àbúrò mi tó mú èyí wá, kí gbólóhùn inú wọn lè dípò àwọn tí mo fi dáná. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Sunday, tí mo fẹ́ràn nígbà náà, ló kún inú wọn. Ilésanmí ni yóò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn, kò sí bí kò ṣe ní kà á. Mo ti sọ fún un. Ó ní òun yóò kà á.

Bá mi kí Màmá àti Yétúndé àbúrò rẹ. Má torí ìtìjú mi yọ ojú ewé kankan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í yẹ̀,
Olúkẹ́mi.