Ọkàn Màmá Yóò Sùn, Yóò sì Jí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òyìnbó, níbi tí a ti ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta lé ara wọn ká tó jáde. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Mo kí Bàbá Làmídì ọ̀rẹ́ yín, mo kí gbogbo ará Ìjàyè. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, torí ẹ̀rù tó ń bà yín ń ba ọ̀pọ̀ ilé, ojú ló ń tì wọ́n láti béèrè.

Lọ́jọ́ tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ní dókítà Ìbàdàn sọ pé ilẹ̀kùn kan nínú ọkàn Màmá kò padé dáadáa mọ́, pé àwọn máa dá ọkàn náà dúró káwọn tó lè tún un ṣe. Ẹ ní Ọlọ́run nìkan ló ń dá ọkàn dúró, pé ká ṣì fi í sílẹ̀ títí a ó fi wa iṣu tán. Ẹ wá bi mí bóyá mo ti fojú ara mi rí ọkàn tí wọ́n dá dúró tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fóònù já kí n tó dáhùn.

Bàbá, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn, èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ káàkiri. Èmi náà ni mo ń fi oògùn tútù ránṣẹ́ sí iṣan ọkàn kó lè sùn, kó má baà bàjẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀.

Ọ̀nà méjì la ń gbà ṣe é. Nínú ọ̀kan, a ó po oògùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ tútù, a ó fún ọkàn, a ó sì tún máa padà fún un títí iṣẹ́ yóò fi parí. Nínú èkejì, a ó fún un ní èyí tó pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí dókítà lè ráyè ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí, ọ̀gá wa ní kí n dìde níwájú gbogbo ẹ̀ka wa, kí n fi méjèèjì wéra. Èmi, ọmọ àgbẹ̀ Ìjàyè. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí òtútù.

Ẹ̀yin ni mo fi ṣàpẹẹrẹ. Mo ní bàbá mi máa ń kó iṣu tí wọ́n fẹ́ gbìn sínú àká, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń wọ ibẹ̀ kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yí i padà. Mo ní Bàbá Làmídì, kòtò ni wọ́n ń gbẹ́ ní tiwọn, wọ́n á fi koríko gbígbẹ bò ó, wọn ò ní ṣí i mọ́ àfi bí òjò bá dé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ ti ń jiyàn lé e lórí, bẹ́ẹ̀ iṣu ẹ̀yin méjèèjì ń hù. Ohun tí àwa náà rí nìyẹn. Bí iṣẹ́ ò bá pẹ́, méjèèjì ló dáa. Bí yóò bá pẹ́, ẹni tó fún un lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó tún fún un. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bàbá oníṣu yẹn.

Ní ti ìbéèrè yín, mo ti rí i. Mi ò ní parọ́ fún yín, torí ẹ kì í ta iṣu kí ẹ fi èyí tó rà pamọ́ sábẹ́. Mo ti rí ọkàn tí kò lágbára mọ́ lẹ́yìn tó jí, a ò sì rí ẹni náà gbà là. Mo sunkún délé, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú yàrá tí mò ń dá gbé. Ṣùgbọ́n ọkàn náà ti rẹ̀ tipẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ẹbí rẹ̀ ti dúró pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e wá. Àwọn tó jí pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Dókítà ní iṣan ọkàn Màmá ṣì lágbára báyìí. Iṣu tó le là ń kó sínú àká, Bàbá, a kì í dúró kó rọ̀.

Mo ti pe dókítà Ìbàdàn náà. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan làwọn máa fún un, bíi ti Bàbá Làmídì. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ràn ìyẹn.

Mo ti gba ààyè níbi iṣẹ́, mò ń bọ̀ wálé. Wọn ò ní jẹ́ kí n jókòó ti ẹ̀rọ nítorí ìyá mi ni, níta ni èmi àtẹ̀yin máa jókòó sí. Bí wọ́n bá ní Màmá ti jí, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ọlọ́run á jẹ́ ká jọ jẹ iṣu tuntun pẹ̀lú Màmá. Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi àti Lèmọ́mù. Ẹ sọ fún Bàbá Làmídì kí wọ́n má yọ̀ jù.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ṣọ́ ọkàn,
Rìsíkátù